Ṣé jíjìnnà sí oòrùn ló ń mú òtútù wá sí Èkó ní oṣù keje?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń kiri lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa ní Mushin. Ó ní láti oṣù keje Ayé yóò jìnnà sí oòrùn, pé mílíọ̀nù 90 kìlómítà ló wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń fi ìṣẹ́jú 5 rìn, pé yóò wá di mílíọ̀nù 152, òtútù yóò mú títí di ìparí oṣù kẹjọ, ara ríro àti ikọ́ yóò sì pọ̀. Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ mi tó wà ní JSS 2 ní wọ́n kọ́ àwọn pé oṣù keje ni Ayé jìnnà sí oòrùn jù. Òtútù sì máa ń mú ní oṣù keje lóòótọ́! Tó bá jẹ́ pé sísún mọ́ oòrùn ló ń mú ooru wá, kí ló dé tí ọyẹ́ fi ń jà ní oṣù kìíní tí wọ́n ní a sún mọ́ ọn jù? Àbí ìwé ọmọ náà ló ṣì?

Ẹ kú ìbéèrè, màmá, ẹ sì bá mi kí ọmọ yín, ó káre. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ló ṣì, àmọ́ ó ṣòro láti já a nírọ́ lójú ẹsẹ̀, torí pé òótọ́ kan wà nínú rẹ̀, irọ́ bíi mélòó kan wá sá pamọ́ sẹ́yìn òótọ́ náà, ojú ọjọ́ Èkó fúnra rẹ̀ sì ń jẹ́rìí gbè é lọ́dọọdún. Ẹni tó ń fi súwẹ́tà jáde láàárọ̀ oṣù keje kò rí ìdí tí yóò fi bá ẹni tó ní oòrùn ti jìnnà jiyàn.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí wọ́n kọ. Ayé kì í wà ní mílíọ̀nù 90 kìlómítà sí oòrùn nígbà kankan. Tó bá wà níbẹ̀, a ó ti sún mọ́ oòrùn ju Àgùàlà lọ, ìyẹn pílánẹ́ẹ̀tì tí òyìnbó ń pè ní Venus, tó wà ní mílíọ̀nù 108 kìlómítà. Ó jọ pé máìlì ni wọ́n sọ di kìlómítà: nǹkan bíi mílíọ̀nù 93 máìlì ló wà láàárín Ayé àti oòrùn, èyí tó jẹ́ mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Ẹni tó kọ ọ́ mú iye kan ní máìlì, ó mú èkejì ní kìlómítà, ó wá fi wọ́n wéra, bí ẹni tó ní 152 náírà pọ̀ ju 90 dọ́là lọ. Ìṣẹ́jú 5 tí wọ́n kọ náà, inú àṣìṣe kan náà ló ti jáde. Ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń lò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iye tó tọ́ rèé: ní nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5 oṣù kìíní, Ayé máa ń wà ní mílíọ̀nù 147.1 kìlómítà sí oòrùn, ìgbà yẹn ló sún mọ́ ọn jù. Ní nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 6 oṣù keje, yóò wà ní mílíọ̀nù 152.1, ìgbà yẹn ló jìnnà jù. Kò sì sí òjijì kankan nínú rẹ̀. Láti oṣù kìíní ni Ayé ti ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tí a bá pín in dọ́gba, nǹkan bí 27,000 kìlómítà lójúmọ́, lẹ́yìn oṣù keje yóò tún máa sún bọ̀ padà. Kí wọ́n tó tẹ Èkó dó ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún.

Mílíọ̀nù 5 kìlómítà dún bí ohun bàǹtà-banta létí. Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílẹ̀. Ká ní ẹ dúró ní mítà kan sí ìdí iná ẹni tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìyàtọ̀ oṣù kìíní sí oṣù keje dà bí ìgbà tí ẹ sún sẹ́yìn ní sẹ̀ntímítà 3 àti díẹ̀, ìbú ìka méjì. Ẹ kò ní torí ìyẹn wá aṣọ òtútù. Àwòrán inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wà lára ohun tó ń ṣi èèyàn lọ́nà níbí. Wọ́n máa ń ya ọ̀nà tí Ayé ń gbà yí oòrùn ká gbọọrọ bí ẹyin, torí pé ńṣe ni wọ́n yà á bí ẹni tó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ọmọdé a wá rò pé Ayé ń sá jìnnà réré, ó tún ń padà wá. Tí ọmọ yín bá fẹ́ yà á bó ṣe rí gan-an, kó fi kọ́ńpáàsì ya òbìrìkìtì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 30 sẹ̀ntímítà sórí páálí. Kó má fi oòrùn sí ojú àmì àárín; kó fi í sí mìlímítà 2 àbọ̀ sí i. Ó ti yà á tán. Lóòótọ́ ọ̀nà Ayé kì í ṣe òbìrìkìtì gbáko, ṣùgbọ́n lórí páálí yẹn, ibi tó gùn jù àti ibi tó kúrú jù kò fi ìdá kan nínú ogún mìlímítà ju ara wọn lọ. Ẹnu pẹ́ńsù tó fi yà á nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò sọ pé jíjìnnà náà kò já mọ́ nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ ń tàn kálẹ̀ bó ṣe ń jìnnà sí orísun rẹ̀, nítorí náà, ìdá 3 tí a fi jìnnà nínú 100 ń mú kí ìmọ́lẹ̀ tó ń bà wá fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 dín. Kí afẹ́fẹ́ tó mú tirẹ̀ nínú rẹ̀, ojú mítà onígun mẹ́rin kan tó kọjú sí oòrùn tààrà ń gba nǹkan bí 1,408 wọ́ọ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, ó ń gba nǹkan bí 1,317 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Ìyẹn kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, tí a bá kó gbogbo Ayé pọ̀, oṣù keje tí a jìnnà yìí ló gbóná ju oṣù kìíní tí a sún mọ́ lọ, ó sì fi ohun tó lé ní dígírì 2 jù ú! Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ pọ̀ ní ìdajì Ayé tó wà ní àríwá, òkun ló pọ̀ ní ìdajì ti gúúsù. Ilẹ̀ ń yára gbóná, omi ń lọ́ra. Ní oṣù keje, ìdajì tí ilẹ̀ pọ̀ sí ló kọjú sí oòrùn, ooru rẹ̀ sì borí ìdá 7 tó dín náà. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín lórí WhatsApp. Tí wọ́n bá ní kò yé àwọn, kí ẹni tó ní ẹbí ní London pè é ní oṣù kìíní, kó tún pe ẹni tó wà ní Johannesburg lọ́jọ́ kan náà. Ẹni London ń gbọ̀n, ẹni Johannesburg wà nínú ooru. Ayé kan náà làwọn méjèèjì wà, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n sì fi jìnnà sí oòrùn lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó ń yí ìgbà padà ni pé Ayé kò nàró ṣánṣán bó ṣe ń pòòyì. Ó dagun ní dígírì 23.4. Ìdajì àríwá kọjú sí oòrùn fún oṣù mẹ́fà, ti gúúsù gba tirẹ̀ fún mẹ́fà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti òkè sórí tábìlì, kó dojú kọ ọ́ tààrà: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe roboto, yóò sì mú ojú. Ẹ wá dá tọ́ọ̀ṣì náà sí ẹ̀gbẹ́ láì gbé e jìnnà: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà yóò gùn, yóò sì ṣe bàìbàì. Bátìrì kò yí padà, ìmọ́lẹ̀ kò dín, ibi tó pín ara rẹ̀ sí ló pọ̀ sí i. Bí oòrùn ṣe ń ṣe sí London nìyẹn ní oṣù kìíní.

Èkó tiwa sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, dígírì 6 àbọ̀ péré ló fi wà ní àríwá rẹ̀, nítorí náà oòrùn máa ń dúró lé wa lórí gangan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ní nǹkan bí ọjọ́ 5 tàbí 6 oṣù kẹrin, àti ní nǹkan bí ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Ẹni tí fèrèsé rẹ̀ ní Mushin kọjú sí ọ̀nà Ìkẹjà yóò ti ṣàkíyèsí pé ìgbà òjò nìkan ni oòrùn ọ̀sán ń yọjú sí òun. Ní ìyókù ọdún, apá òkun ló máa ń wà, ó sì máa ń rẹlẹ̀ dé nǹkan bíi dígírì 60 ní oṣù kejìlá. Ìdí rèé tí àwọn tó ń to sólà sórí òrùlé ní Èkó fi ń kọ ojú rẹ̀ sí gúúsù, tí wọ́n ń dá a díẹ̀, kí òjò lè máa fọ eruku rẹ̀ dànù. Ẹ lè fi ojú ara yín rí ọjọ́ tí oòrùn wà lórí gangan. Ẹ gbé agolo mílíìkì tó ga tó sẹ̀ntímítà 10 sórí táìsì tó tẹ́jú. Kì í ṣe aago 12 lẹ máa wò ó o. Aago wa ń tẹ̀ lé ìlà kan tó wà ní ìlà-oòrùn wa lọ́nà jíjìn, nítorí náà ní Èkó, ọ̀sán gangan máa ń bọ́ sí nǹkan bí aago 12:49 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, àti 12:45 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ní ìṣẹ́jú yẹn, agolo náà kò ní ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rárá. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni ilẹ̀ tí kò tẹ́jú: tí táìsì bá fi dígírì 2 dagun, òjìji mìlímítà 3 àbọ̀ yóò jáde, ẹ ó sì rò pé ọjọ́ ló ṣì. Ẹ kọ́kọ́ gbé àwo tí omi kún dé etí síbẹ̀, kí ẹ wo ibi tí omi fì sí.

Wàyí o, ní oṣù keje, oòrùn ọ̀sán Èkó wà ní nǹkan bíi dígírì 74 sókè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, 61 ni. Ojúmọ́ oṣù keje tún gùn ju ti oṣù kìíní lọ pẹ̀lú bí ìṣẹ́jú 45. Kódà tí ẹ bá yọ ìdá 7 tí jíjìnnà gbà lọ, oòrùn tó dé orí Èkó ní oṣù keje ṣì pọ̀ ju ti oṣù kìíní lọ. Ó dé òkè ni, kò dé ilẹ̀. Ìkùukùu ló dí i lọ́nà. Oṣù kẹfà ni òjò wa máa ń pọ̀ jù, ìkùukùu náà kì í sì í tètè kúrò ní oṣù keje àti ìkẹjọ. Lẹ́yìn ìyẹn, omi òkun gúúsù wa, láti etíkun Ghana títí dé apá ìlà agbedeméjì ayé, máa ń tutù láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, torí omi tútù láti ìsàlẹ̀ ń ru sókè. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ wọ Èkó, orí omi yẹn ló gbà kọjá. Òun ló ń mú kí ọ̀sán oṣù kẹjọ wà ní nǹkan bíi dígírì 28, nígbà tí ti oṣù kejì àti ìkẹta ń lọ sí 33.

Ọyẹ́ ní tirẹ̀, inú aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, ó gbẹ táútáú. Afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin ń dá ooru ilẹ̀ dúró lóru bí aṣọ ìbora. Èyí tó gbẹ kì í dá a dúró, ooru ilẹ̀ á bá ojú ọ̀run lọ, ìdájí á tutù. Òógùn ara náà á máa gbẹ kíákíá, èyí tó ń mú kí ara tutù ju bí ojú ọjọ́ ṣe rí gan-an lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan páànù orí ilé ní aago méjì ọ̀sán nínú ọyẹ́, ẹ ó mọ̀ pé oòrùn ṣì wà níbi tó wà. Tó bá di oṣù kejì sí ìkẹta, oòrùn ti ń gòkè bọ̀ sí àárín orí, òjò kò tíì dúró dáadáa, ọ̀rinrin òkun sì ti padà, òógùn kò gbẹ mọ́. Ìgbà yẹn ni ooru ń pa wá.

Ẹ ó rí i pé afẹ́fẹ́ ni mo ń padà sí. Òṣùpá àti Ayé jọ wà ní ìwọ̀n kan náà sí oòrùn ni, ṣùgbọ́n òṣùpá kò ní afẹ́fẹ́ tó tó nǹkan, nítorí náà ọ̀sán rẹ̀ ń dé nǹkan bíi dígírì 120, òru rẹ̀ sì ń lọ sí 130 lábẹ́ òdo. Mercury ló sún mọ́ oòrùn jù nínú gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sán rẹ̀ ń dé dígírì 430, òru rẹ̀ ń lọ sí 180 lábẹ́ òdo, yìnyín sì wà nínú àwọn kòtò òpin rẹ̀ méjèèjì tí oòrùn kì í dé. Àgùàlà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà sí oòrùn ní ìlọ́po méjì Mercury, ló wá gbóná jù: nǹkan bíi dígírì 465, lọ́sàn-án lóru. Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Òun ni ìràwọ̀ títàn yòò tí ẹ máa ń rí ní ìwọ̀-oòrùn ní ìrọ̀lẹ́ àwọn oṣù kan, tàbí ní ìlà-oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìkùukùu funfun tó bò ó ló mú kó máa tàn bẹ́ẹ̀. Ìkùukùu náà ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, débi pé ìmọ́lẹ̀ tí Àgùàlà ń gbà sára kéré sí ti Ayé, bó tilẹ̀ sún mọ́ oòrùn jù wá lọ. Kí ló wá ń sè é? Ìdá 96 nínú 100 afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ carbon dioxide, afẹ́fẹ́ náà sì wúwo ní ìlọ́po 92 ti wa, bí ìgbà tí èèyàn wà ní nǹkan bí 900 mítà nísàlẹ̀ òkun. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó wọlé ń mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ fẹ́ tú ooru náà padà sójú ọ̀run, gáàsì yẹn ń gbà á mú. Wọ́n máa ń fi mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ṣàlàyé èyí, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu: mọ́tò ń gbóná torí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, ní Àgùàlà, gáàsì fúnra rẹ̀ ló ń mú ooru dání. Ọkọ̀ òfuurufú Venera 7 ti Soviet Union, tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, tó balẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1970, fi ìṣẹ́jú 23 péré ránṣẹ́ kó tó dákẹ́. Venera 13 tó balẹ̀ síbẹ̀ ní 1982 lo ìṣẹ́jú 127.

Ibì kan wà tí jíjìnnà ti ń sọ̀rọ̀ sókè. Mars máa ń wà láàárín mílíọ̀nù 207 àti 249 kìlómítà sí oòrùn, ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà nígbà tó sún mọ́ ju ti ìgbà tó jìnnà lọ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 45 nínú 100. Ìgbà tó bá sún mọ́ ni ìjì eruku rẹ̀ sábà máa ń le. Ní ti Ayé wa, ibi tí ẹ ti lè rí ipa rẹ̀ kedere ni orí kàlẹ́ńdà: a máa ń rọra rìn nígbà tí a bá jìnnà sí oòrùn. Kí ọmọ yín ka ọjọ́ láti 20 oṣù kẹta sí 22 oṣù kẹsàn-án, yóò bá 186. Kó ka ti 22 oṣù kẹsàn-án sí 20 oṣù kẹta, yóò bá 179.

Ní ti ara ríro àti ikọ́, dókítà ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò ní gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe. Ohun tó dá mi lójú ni pé kò wá láti ọ̀nà oòrùn. Ìgbà òjò ni omi ń dá rogún, tí ẹ̀fọn ń pọ̀, tí a ń há ara wa mọ́lé pọ̀; ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ibà, kó má jókòó de ìparí oṣù kẹjọ pé Ayé yóò padà. Ìṣirò ọ̀nà Ayé kò sì lè sọ fún yín bóyá òjò yóò rọ̀ lọ́jọ́ ìnáwó. NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ní Nàìjíríà, lẹ máa wò fún ìyẹn.

Tí ọmọ náà bá fẹ́ fi rúlà wọn jíjìnnà náà fúnra rẹ̀, ó ṣeé ṣe, pàápàá nínú ilé tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn bíi ti face-me-I-face-you. Ẹ wá dígí kékeré, ẹ lẹ bébà bò ó, kí ẹ gé ihò roboto tó jẹ́ mìlímítà 5 sí àárín bébà náà. Ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti ń bà á, ẹ dá a kó ju ìmọ́lẹ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, sórí bébà funfun tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ní mítà 10 sí dígí. Ìmọ́lẹ̀ roboto tó máa hàn níbẹ̀ kì í ṣe àwòrán ihò náà, oòrùn gan-an ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo oòrùn, kò sì gbọdọ̀ wo inú dígí náà, ojú lè bàjẹ́ pátápátá. Bébà ara ògiri nìkan ni kí ẹ wò. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ níbi tó kéré jù, torí tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ dé ara bébà, yóò gùn sí ọ̀nà kan. Ti oṣù kìíní yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 3 fẹ̀ ju ti oṣù keje lọ, tí mítà 10 náà bá pé lẹ́ẹ̀mejèèjì. Tí ẹ bá fi sẹ̀ntímítà 30 ṣì í wọ̀n, ìyàtọ̀ náà ti bọ́ nìyẹn, nítorí náà ẹ fi ìṣó sàmì sí ilẹ̀ níbi tí dígí wà. Tí ìkùukùu kò bá jẹ́ kí oòrùn yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, ẹ dúró de ọjọ́ tó bá mọ́ kí oṣù náà tó parí, ìwọ̀n náà kò ní tíì yí padà tó ohun tí rúlà lè rí. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye mìlímítà sẹ́yìn bébà náà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú dígí àti ihò kan náà di oṣù kìíní.